Ẹ Má Bẹ̀rù Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Gùn

  Ẹni tó ti dúró sọ́jà láti òwúrọ̀, tàbí tó ti fi gbogbo ọjọ́ gbé búlọ́ọ̀kù, tí kò lọ sùn, tó gbé ìwé dání wá síbí, ó tọ́ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní dá yín dúró pẹ́ jù.

Mo kọ orúkọ kan sórí bọ́ọ̀dù. Ẹ wò ó: Olúwafúnmiláyọ̀. Ẹ kà á fún mi. Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tó dúró ronú nínú yín? Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń jẹ́ orúkọ náà ti mọ̀ ọ́n pè kí ó tó mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì. Ẹ jẹ́ kí a ka iye lẹ́tà inú rẹ̀. Ó jẹ́ 14. Ó dára. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kejì tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀: administration. Háà, mo rí bí ojú yín ṣe yí padà! Bàbá tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ti bọ́ gíláàsì ojú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka iye lẹ́tà tirẹ̀ náà. 14 ni. Kò fi lẹ́tà kan ṣoṣo ju orúkọ ọmọ yìí lọ. Kí ló wá dé tí ti àkọ́kọ́ fi ń yọ̀ lọ lọ́fun bí ẹ̀kọ, tí èkejì sì dà bí ìgbà tí egungun ẹja há ènìyàn lọ́rùn?

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Orúkọ ọmọ yẹn, a kì í gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Gígé ni a máa ń gé e: O-lú-wa-fún-mi-lá-yọ̀. Ègé méje ni. Ẹnu wa ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa gan-an kò tilẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn, ojú kan ṣoṣo ni a fẹ́ fi gbé gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sì ṣeé gbé, a ó ka orí rẹ̀, a ó fi ìrònú ara wa parí ìrù. Ìwà yìí ní ewu nínú. Òun ni mo wá bá yín sọ lálẹ́ òní.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa yìí tí wọ́n ń ta èlùbọ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà mí láyè kí n sọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, wọn ò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Láàárín ọdún kan àbọ̀, wọ́n ti ń ka ìwé Yorùbá geere, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá yìí ní àtọ̀gbẹ. Oògùn tí dókítà ní kí wọ́n máa lò ni metformin. Nígbà tó yá, inú ń run ọmọ-ọmọ wọn tí wọ́n jọ ń gbé, wọ́n sì fún ọmọ náà ní oògùn ní ilé ìwòsàn. Orúkọ oògùn tirẹ̀ ni metronidazole. Páálí funfun ni oògùn méjèèjì wà, orí tábìlì kan náà ni wọ́n sì gbé wọn sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá na ọwọ́ mú páálí kan, wọ́n sì kà á bí mo ṣe kọ́ wọn. Wọ́n rí M, wọ́n rí E, wọ́n rí T. Met. Ó parí. Wọ́n ní tàwọn nìyí. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi lo oògùn ọmọ dípò tiwọn. Òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ wọ́n, wọ́n ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Ọmọ wọn obìnrin tó wá kí wọn ló rí páálí lọ́wọ́ wọn tó kígbe. Kí wọ́n tó gbé ìyá dé ilé ìwòsàn, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga gan-an. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Nígbà tí ara wọn yá tí wọ́n padà wá sí kíláàsì, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ní, “Ọ̀gá tíṣà, nígbà tí mi ò mọ̀wé, ọmọ mi ni mo máa ń pè kí ó bá mi wo oògùn. Mi ò ṣì í lò rí. Ìgbà tí mo mọ̀wé tán ni mo wá ṣì í lò. Ṣé ìwé tí ẹ kọ́ mi ni kò pé ni?”

Mo dákẹ́. Kí ni n bá sọ? Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọdún pípẹ́ ni mo fi ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohun tí a sì máa ń sọ fún ọmọdé ni pé, “Wo lẹ́tà àkọ́kọ́, wo àwòrán, kí o sọ ohun tí o rò pé ó jẹ́.” Fún ọmọ tó ń wo àwòrán ológbò, kò burú. Ṣùgbọ́n kò sí àwòrán ológbò lára páálí oògùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́. Bà-bá: ẹ̀ẹ̀mejì. I-lé-ì-wé: ẹ̀ẹ̀mẹrin. A-gbá-dá: ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ kíyè sí agbádá yìí dáadáa. Kò sí ẹni tó ya g kúrò lára b. Kò sí ẹni tó sọ pé ag-bá-dá. Ìdí ni pé lẹ́tà méjì ni wọ́n lójú, ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ́nu. Ẹ fi ọ̀rọ̀ gb yìí sápò, a ó padà wá mú un. Ẹ wá gbọ́ gbangba: gban-gba, ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bàǹtẹ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, bà-ǹ-tẹ́, nítorí pé ǹ yẹn dá dúró, ó ní ohùn tirẹ̀. Ta ló kọ́ yín? Kò sí. Etí yín ló mọ̀ ọ́n. Onílù tó bá fi gángan pe orúkọ yín lóde ìnáwó, kí ló ń ṣe bí kì í bá ṣe pé ó ń lu ègé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn rẹ̀? Àwọn tó kọ́kọ́ fi èdè wa sínú ìwé, irú Samuel Àjàyí Crowther tí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, etí ni wọ́n kọ́kọ́ lò kí wọ́n tó lo kálàmù. Àwọn olùkọ́ èdè máa ń pe ègé yìí ní sílébù. Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀. Èmi ń pè é ní ègé.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní ègé, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò tọ́ bí tiwa. Nínú èdè Yorùbá, bí ẹ bá ti ka àwọn fáwẹ̀lì inú ọ̀rọ̀, tí ẹ sì fi irú ǹ inú bàǹtẹ́ kún un, ẹ ti ka ègé tán. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, fáwẹ̀lì tí ẹ gbọ́ ni ẹ ó kà, kì í ṣe èyí tí ẹ rí. Ẹ wo make. A wà níbẹ̀, e náà wà níbẹ̀, síbẹ̀ ègé kan ni. E ìkẹyìn yẹn dà bí àlejò tó wá jókòó tí kò sọ̀rọ̀. Ẹ wo rain. A àti i di ọwọ́ ara wọn mú, ohùn kan ni wọ́n jọ mú jáde. School, ègé kan. Teach-er, ègé méjì.

Nítorí náà gígùn ọ̀rọ̀ lójú yàtọ̀ sí gígùn rẹ̀ lẹ́nu. Strength ní lẹ́tà mẹ́jọ, ègé kan péré ni. Idea ní lẹ́tà mẹ́rin, ègé mẹ́ta ni: i-de-a.

Ibí yìí ni ẹnu wa ti máa ń ṣe wá. Yorùbá kò fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì fara kanra, kò sì fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì kẹ́yìn ọ̀rọ̀. Nígbà tí bread dé ọ̀dọ̀ wa, a fi u sáàárín b àti r, a sì fi i sí ìdí rẹ̀, ó di búrẹ́dì. Ègé kan di mẹ́ta. Class di kíláàsì, glass di gíláàsì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n dà. Bí ẹ bá lọ ra búrẹ́dì, ẹ ra búrẹ́dì. Inú mi kì í dùn sí àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé, ẹ má fi fáwẹ̀lì tiwa kún un. Ègé yóò pọ̀ jù, ẹ ó sì sọnù sáàárín rẹ̀.

Níbo wá ni kí a ti gé e? Ẹ mú pẹ́ńsùlù yín. Ẹ fa ìlà sábẹ́ fáwẹ̀lì tí ẹ gbọ́ pé ó ń dún. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó wà láàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ kọ́ńsónáǹtì méjì, ẹ là wọ́n láàárín: mar-ket, doc-tor, let-ter, num-ber, hos-pi-tal. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń bá fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé e lọ: pa-per, stu-dent, to-ma-to. Mo ní ọ̀pọ̀ ìgbà, mi ò ní gbogbo ìgbà o. Gẹ̀ẹ́sì kì í pa òfin ara rẹ̀ mọ́ tán. Lemon, lem-on ni ìwé atúmọ̀ èdè máa ń gé e. Bí ẹ bá gé tiyín ní le-mon, ọlọ́pàá kò ní mú yín. Ohun tí a ń wá ni kí ẹnu yín lè gbé e, kí ojú yín má sì fo lẹ́tà kankan.

Ẹ rántí gb tí ẹ fi sápò? Ẹ yọ ọ́ jáde báyìí. Gẹ̀ẹ́sì ní irú rẹ̀: sh, ch, th, ph. Lẹ́tà méjì, ohùn kan. A kì í là wọ́n. Mo-ther, fa-ther, ma-chine, tel-e-phone. Ẹni tó bá gé mother ní mot-her ti ṣe bí ẹni tó gé agbádá ní ag-bádá.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó gùn jù lọ, ẹ ó rí i pé wọ́n sábà máa ń dé fìlà tàbí kí wọ́n wọ bàtà. Fìlà ni àwọn ègé kéékèèké tó máa ń wà lórí ọ̀rọ̀: un, re, dis. Bàtà ni àwọn tó máa ń wà ní ìdí rẹ̀: ment, ly, ness, ing, tion. Ẹ bọ́ fìlà, ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wá wo ẹni tó wà láàárín. Ẹ wo agreement. Ẹ bọ́ ment kúrò, ó ku agree, tí í ṣe a-gree, láti fohùn ṣọ̀kan. A-gree-ment. Ọ̀rọ̀ yìí wà lórí ìwé ilé tí ẹ háyà, ó wà lórí ìwé ilẹ̀. Ẹ wo repayment, tó wà lórí ìwé owó yíyá: re ni fìlà, ment ni bàtà, pay ló wà láàárín, láti san owó. Re-pay-ment, owó tí a ó san padà.

Bí mo ṣe dárúkọ ìwé owó yíyá yìí, mo rántí wẹ́dà kan tí mo mọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó wá bá òun fọwọ́ síwèé. Lókè ibi tó fọwọ́ sí, wọ́n kọ guarantor síbẹ̀. Ó wo ọ̀rọ̀ náà, ó rí G, ó rí i pé ó gùn, ó ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó fọwọ́ sí i. Gua-ran-tor. Ègé mẹ́ta péré ni, u inú rẹ̀ kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Onídùúró ni ó túmọ̀ sí, ẹni tí yóò san owó bí ẹni tó yá a kò bá san. Ọ̀rẹ́ náà kò san. Wẹ́dà yìí ta ẹ̀rọ tó fi ń jó irin.

Nínú gbogbo bàtà wọ̀nyí, tion ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí kò sí ìwé ìjọba tí kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin, ègé kan, ó sì ń dún bíi ṣọ̀n. Ẹ má kà á ní ti-on. Na-tion. E-lec-tion. In-jec-tion. Pre-scrip-tion, ìyẹn ìwé tí dókítà kọ oògùn sí. Vac-ci-na-tion, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Re-gis-tra-tion, ìforúkọsílẹ̀.

Wàyí o, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ tó dẹ́rù bà yín níbẹ̀rẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ku administra. Ẹ gé e: ad-mi-nis-tra. Ẹ wá dá bàtà padà sí i: ad-mi-nis-tra-tion. Ègé márùn-ún! Ó fi méjì dín sí Olúwafúnmiláyọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú orúkọ gígùn ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ àti oògùn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní NAFDAC: National Agency for Food and Drug Administration and Control. Bí ẹ bá yí páálí oògùn tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ padà, ẹ ó rí NAFDAC Reg. No. lára rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà. Reg. yẹn, registration ni wọ́n gé kúrú.

Mo lè dúró síbí kí n ní ó dàárọ̀ o, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni a ṣì ṣe. Bí ẹ bá ka ègé márààrún yẹn kí wọ́n ga bákan náà, bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta ń lù, ẹni tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní tètè mọ ohun tí ẹ wí. Ègé Gẹ̀ẹ́sì kì í dọ́gba. Nínú ọ̀rọ̀ gígùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan máa ń jẹ́ baálé. Òun ni wọ́n ń fi agbára pè. Ohùn máa ń ga níbẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu. Àwọn yòókù á rẹlẹ̀ fún un, wọ́n á máa kánjú kọjá. Ègé alágbára ni mo ń pè é, lẹ́tà ńlá ni mo sì máa ń fi kọ ọ́: DOC-tor, HOS-pi-tal, to-MA-to, ad-mi-nis-TRA-tion.

Ẹ ó bi mí pé, báwo ni àwa ó ṣe mọ ègé tó jẹ́ baálé? Ẹ ti mọ púpọ̀ nínú wọn. Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wo ibi tí ohùn òkè wà. Lẹ́tà: lẹ́ ló ga, tà wà nísàlẹ̀. LET-ter. Tíṣà: TEACH-er. Gómìnà: gó wà lókè, mì àti nà wà nísàlẹ̀. GOV-er-nor. Ẹ wá wo tòmátì. Tò bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, má ló ga. To-MA-to. Hòtẹ́ẹ̀lì: ho-TEL. Kọ̀ǹpútà tó dé lójú tiwa yìí ńkọ́? Pú ló ga. Com-PU-ter. Ẹ ò rí nǹkan? Àwọn bàbá wa tí kò wọ ilé ìwé rí gbọ́ ègé alágbára, etí wọn mú un, wọ́n sì fún un ní ohùn òkè. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí a yá ló tẹ̀lé e pérépéré, ṣùgbọ́n ó pọ̀ tó láti fi ṣe atọ́nà.

Ní ti àwọn tó wọ bàtà tion, òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹ lè fọkàn tẹ̀: ègé tí tion tẹ̀ lé lẹ́yìn gan-an ni baálé. E-LEC-tion. In-JEC-tion. Vac-ci-NA-tion. Re-gis-TRA-tion. Ẹ kò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Fún ìyókù, ẹ wá ìwé atúmọ̀ èdè kékeré kan. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ ó rí àmì tín-ín-rín kan bí abẹ́rẹ́, lókè, níwájú ègé alágbára. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìdọ̀tí ìtẹ̀wé ni mo pè é.

Ẹ má rò pé eré ni ọ̀rọ̀ baálé yìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ igba yàtọ̀ sí igbá, tí ẹ mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà, ẹ mọ̀ pé ohùn lè sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn. Gẹ̀ẹ́sì ní díẹ̀ nínú irú rẹ̀. PRE-sent ni ẹ̀bùn. Pre-SENT ni kí a gbé nǹkan kalẹ̀ níwájú ènìyàn. RE-cord ni àkọsílẹ̀. Re-CORD ni kí a ṣe àkọsílẹ̀ náà. Lẹ́tà kan náà ni, wọ́n kàn yí baálé padà.

Ó tó kí a padà sídìí tábìlì ìyá elélùbọ́. Ẹ gé orúkọ oògùn méjèèjì. Met-FOR-min: ègé mẹ́ta. Met-ro-NI-da-zole: ègé márùn-ún, e ìkẹyìn kò sọ̀rọ̀, NI inú rẹ̀ sì ń dún bíi nai. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọwọ́ yín nìkan ti tó láti sọ fún yín pé oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti jọra, Met nìkan ni. Baálé kò sì sí nínú Met. Ìyá elélùbọ́ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣì wọ́n mú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn apoògùn ti kàwé rẹpẹtẹ, orúkọ méjì yìí wà lára àwọn tí àwọn tó ń bójú tó ààbò oògùn sọ pé ènìyàn lè ṣì mú fún ara wọn. Ìmọ̀ràn tí wọ́n mú wá ni pé kí a máa fi lẹ́tà ńlá kọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, báyìí: metFORMIN, metroNIDAZOLE. Mo fi èyí han ìyá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Àṣé àwọn oyinbo náà máa ń ka orí kí wọ́n fi ìrù sílẹ̀!”

Ẹ má sì wá sọ pé ìrù nìkan ni ẹ ó máa kà. Ẹ wo amoxicillin àti ampicillin. A-mox-i-CIL-lin, ègé márùn-ún. Am-pi-CIL-lin, ègé mẹ́rin. Ìrù kan náà ni, orí ló yàtọ̀. Paracetamol tí gbogbo wa mọ̀, pa-ra-CE-ta-mol, ẹ kà á tán láti orí dé ìrù bí ẹni pé ẹ kò rí i rí. Mi ò sọ pé kí ẹ ṣe dókítà fún ara yín o. Oògùn tí ẹ ó lò àti iye tí ẹ ó lò, ọwọ́ dókítà àti apoògùn ló wà. Tiwa ni kí a mọ̀ dájú pé èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni èyí tí wọ́n fún wa.

Ó ku ohun kan tó máa ń bí mi nínú nínú èdè yìí. Àwọn ègé tí kò lágbára, nígbà míràn wọn a gbé wọn mì pátápátá. Business: ojú rí bu-si-ness, ẹnu sọ biz-ness, ègé méjì. Vegetable: ojú rí mẹ́rin, ve-ge-ta-ble, ọ̀pọ̀ oyinbo á sọ mẹ́ta, vej-ta-ble. Wednesday wá burú jù. D inú rẹ̀ kàn wà nínú ìwé ni, wenz-day ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ nítorí Wednesday, torí pé bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́. Ẹni tó nà mí kò sọ fún mi pé ìwé àti ẹnu ti pínyà níbẹ̀. Bóyá òun náà kò mọ̀. Èmi kò ní na ẹnikẹ́ni nínú yín. Ohun tí èmi ń ṣe títí di òní ni pé, bí mo bá ń kọ ọ́, mo máa ń gé e nínú ọkàn mi bí ojú ṣe rí i, Wed-nes-day. Bí mo bá ń sọ ọ́, mo máa ń sọ bí etí ṣe gbọ́ ọ.

Ẹnìkan nínú yín bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá ohun tí govern pẹ̀lú ìlà kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀ ń ṣe ní ìpẹ̀kun ìlà nínú ìwé ìròyìn. Àyè ló tán níbẹ̀. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ náà bí àwa ṣe ń gé e yìí, ìlà kékeré yẹn sì ń sọ fún yín pé ẹ má tíì dúró. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn, ẹ ó bá bàtà rẹ̀ níbẹ̀: ment.

Iṣẹ́ ilé wa nìyí. Kí olúkúlùkù mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tó ti ń dẹ́rù bà yín nínú ilé tàbí ní ibi iṣẹ́. Ó lè wà lára páálí oògùn, lórí ìwé báńkì, lórí ìwé iná mànàmáná, tàbí lórí agolo oògùn kòkòrò tí ẹ fi ń fín oko. Ẹ dà á kọ, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ sọnù. Ẹ gé e, ẹ pàtẹ́wọ́ sí i, kí ẹ sì fi lẹ́tà ńlá kọ ègé tí ẹ rò pé ó jẹ́ baálé. Bí ẹ bá ṣì í, a ó jọ tún un ṣe.

Ìyá elélùbọ́ kò dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ti mú tiwọn dání lálẹ́ òní, lórí káàdì tí wọ́n fún wọn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí n kàn kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù, kí n má sọ nǹkan kan, àwọn fẹ́ gé e fúnra àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ fún wọn. Appointment. Ìyá, a ń gbọ́ o.